Oòrùn Ló Ń Jẹ Ẹ́, Òjò La Ń Dá Lẹ́bi: Bí Òrùlé Shingles Ṣe Ń Gbó ní Àkúrẹ́

Lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò ọdún yìí, àǹtí mi tí wọ́n ń gbé ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́ pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti gbé báàkẹ́tì méjì sí pálọ̀, ọ̀kan lábẹ́ fáànù, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kápẹ́ńtà kan ti wá dúró síwájú ilé, ó gbójú sókè wo òrùlé, ó ní òjò ló bà á jẹ́, kí wọ́n ra ọ̀dà dúdú kí òun fi kùn ún láti òkè délẹ̀. Àǹtí ní, "Ṣé kí n fún un lówó ni?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì fún un ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gùn ún wò."

Mo gùn ún láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí oòrùn tó mú. Ọdún 14 ni òrùlé náà ti lò. Apá àríwá rẹ̀ ṣì dára, àwọ̀ pupa tí wọ́n rà á ṣì wà lára rẹ̀. Apá gúúsù ni ọ̀ràn wà. Ibẹ̀ ti pá bí orí àgbàlagbà, ọ̀dà dúdú ti yọjú síta níbi púpọ̀, etí àwọn abala kan ti ká sókè bí ewé gbígbẹ. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ó sì dá mọ́ mi lọ́wọ́ bí àkàrà òyìnbó tó ti gan.

Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí apá méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé òjò ló ń gbó òrùlé, kí ló dé tí apá kan fi kú tí èkejì ṣì wà láàyè? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí mo ti rí i pé owó gidi làwọn ènìyàn wa ń ná lórí ìdáhùn tí kò tọ̀nà.

Shingles wo là ń sọ?

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù olórùlé ní Àkúrẹ́ tó ní shingles lòun fẹ́, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè gbé fún un. Èkíní ni páànù irin tí wọ́n lẹ ọ̀kúta wẹ́wẹ́ mọ́ lójú, èyí tá a mọ̀ sí stone-coated. Oríṣi ìrísí ni wọ́n ń ṣe é sí, wọ́n sì sọ ọ̀kan nínú àwọn ìrísí náà ní shingle. Èkejì ni shingles tí kò ní irin kankan nínú, tó jẹ́ pé ọ̀dà dúdú, irú èyí tí wọ́n ń dà sí títì, ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Téèyàn bá ń wò wọ́n láti ojú títì, ìbejì ni wọ́n. Mo mọ àwọn onílé tí wọn ò lè sọ èyí tó wà lórí ara wọn, tí wọ́n sì ti ń gbé abẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kàn án. Bó bá dún bí abọ́ irin, stone-coated ni, òòfà á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ti ọ̀dà kì í dún. Nígbà tó bá ṣì tuntun, ó máa ń tẹ̀ bí awọ, ọ̀bẹ sì ń gé e. Ó ṣe pàtàkì kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé ikú tó ń pa ọ̀kan kọ́ ló ń pa èkejì. Ti irin, àwọ̀ álúmíníọ́mù òun zinc tí wọ́n fi bo irin náà ni kì í jẹ́ kó dípẹtà, ibi tí wọ́n bá sì ti gé e tàbí tí ìṣó ti gún un ni ìdípẹtà máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ti ọ̀dà ni mo fẹ́ sọ lónìí. Òun náà ló wà lórí ilé Àǹtí.

Amọ̀ tó gbẹ

Ọ̀kùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Reynolds, tó ń ṣiṣẹ́ òrùlé ní Grand Rapids ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gé òrùlé ọ̀dà tó ń bọ̀ ní róòlù sí abala kéékèèké lọ́dún 1903. Nígbà náà, aṣọ àkísà àti pépà ni wọ́n ń rẹ sínú ọ̀dà láti fi ṣe é. Lónìí, fọ́nrán gíláàsì tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ bí aṣọ ló wà láàárín rẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ti po ìyẹ̀fun òkúta ẹfun mọ́ ló wà lókè àti nísàlẹ̀ aṣọ náà, wọ́n sì da hóró òkúta lé ojú ọ̀dà tòkè nígbà tó ṣì gbóná, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Fọ́nrán ló ń jẹ́ kó dúró ní odindi, ọ̀dà ni kì í jẹ́ kí omi kọjá, iṣẹ́ hóró òkúta sì ń bọ̀ níwájú.

Ọ̀dà kì í ṣe àlejò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní Àgbàbú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, ilẹ̀ ló ń pọ̀ ọ́ jáde fúnra rẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dà náà sì gùn láti ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó dé Ẹdó. Ṣáájú ogun àgbáyé kìíní làwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lágbègbè yẹn torí rẹ̀. Ọ̀dà inú shingles ò ti Àgbàbú wá ṣá o. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo rọ̀bì ni, èyí tó ń kù nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì kúrò. Wọ́n á tún gbé e kaná, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú ooru tó lé ní 200°C, kó lè le dáadáa, kó má baà yọ́ ṣàn kúrò lórí ilé lọ́sàn-án gangan.

Bí ọ̀dà ṣe ń gbó, gbogbo ará Àkúrẹ́ ló ti rí i láìfura. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí títì. Ó máa ń dúdú, ó máa ń dán, bó bá di ọ̀sán, bàtà á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ojú rẹ̀ á ti funfun bí eérú, á ti gan, á sì ti máa là. Ọkọ̀ ń tẹ títì, lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo etí títì tí táyà kì í dé. Ibẹ̀ náà funfun, ibẹ̀ náà là. Nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé, tí kò sí ọkọ̀ kankan tó ń gun ibẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀dà ní èyí tó ki nínú, ó sì ní èyí tó jẹ́ bí òróró. Òróró yẹn ló ń jẹ́ kí èyí tó ki lè máa yí, kó máa nà, kó máa sún kì, bí omi ṣe ń ṣe fún amọ̀. Amọ̀ tútù, ẹ lè fi mọ ìkòkò. Bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, títẹ̀ ò sí mọ́, fífọ́ ló kù. Nínú ọ̀dà, oòrùn ló ń gbẹ òróró náà, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà ṣe é. Ooru rẹ̀ ń mú kí èyí tó fúyẹ́ jù nínú òróró náà fò lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú wa ò rí, ultraviolet ni wọ́n ń pè é, òun náà ló ń sọ àga ike tó wà níta di ohun tó ń hó funfun, tó sì ń fọ́ mọ́ èèyàn nídìí. Ìtànṣán yìí máa ń já ìsopọ̀ tó so ọ̀dà pọ̀ nínú. Bí ó bá ti já, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á wọ ojú ibi tó já, á lẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó jẹ́ òróró tẹ́lẹ̀ á sì di èyí tó ki. Bẹ́ẹ̀ ni òróró á máa dín, tí kíki á máa pọ̀ sí i, títí ọ̀dà á fi gan pátápátá.

Níbi kan ni òwe amọ̀ mi ò ti pé. Amọ̀ tó gbẹ, bí ẹ bá bu omi sí i, ó lè padà rọ̀. Ọ̀dà tó ti gan kì í padà. Kò sí ohun tí a máa kùn lé e lórí tí yóò dá òróró rẹ̀ padà sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Àǹtí dáwọ́ owó kápẹ́ńtà yẹn dúró. Ọ̀dà tuntun lórí ọ̀dà tó ti kú á dán fún oṣù mélòó kan, á bo àpá mọ́lẹ̀, àmọ́ abala tó ti gan nísàlẹ̀ á ṣì máa là, á sì máa la èyí tó wà lórí rẹ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀. Kùn tí a kùn ún yẹn ò tún ní hóró òkúta lójú, èyí tó túmọ̀ sí pé oòrùn á jẹ òun náà kíákíá.

Agboòrùn òkúta

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé torí ẹwà ni hóró òkúta fi wà lójú shingles. Ó ń fún un láwọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ká ní torí ẹwà nìkan ni, kì bá tí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Agboòrùn ọ̀dà ni. Òkúta líle tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn kọjá, wọ́n sì ti yan àwọ̀ mọ́ ọn lára nínú iná bí wọ́n ṣe ń yan àwọ̀ sára abọ́ tánganran. Níbi tí hóró bá ti bo ọ̀dà dáadáa, ọ̀dà á pẹ́. Níbi tó bá ti ṣí sílẹ̀, ìwọ̀n ọdún díẹ̀ ló ní.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀dà ló di hóró mú. Bí ọ̀dà bá ṣe ń gan tó ń sún kì, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tó fi di hóró mú ń rọ̀. Hóró kan á bọ́, oòrùn á rí ojú ọ̀dà tuntun jẹ, ọ̀dà ibẹ̀ á tún gan, hóró mìíràn á bọ́. Nítorí náà ni òrùlé shingles fi lè dà bí ẹni pé kò gbó rárá fún ọdún mẹ́wàá, tí á wá bàjẹ́ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta lójú yín. Kì í rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Iyanrìn tí ẹ ń rí nínú gọ́tà tàbí nísàlẹ̀ ibi tí omi òrùlé ń kán sí, hóró yìí ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín lórí ilé tuntun: ní ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń da hóró lé e kọjá èyí tó lè dúró, òjò oṣù àkọ́kọ́ á sì gbá èyí tó ṣẹ́kù lọ. Èyí tó yẹ kó kọ wá lóminú ni iyanrìn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí kò ti sí. Ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́, ẹ wò ó. Bí àwọ̀ òrùlé yín ló wà lára rẹ̀, agboòrùn ló ń ya yẹn.

Òjò ńkọ́? Òjò náà ní ìpín tirẹ̀, n ò ní dá a láre pátápátá. Òun ló ń gbé hóró tó ti yẹ̀ lọ. Ojú ọ̀dà tí oòrùn ti jẹ tún máa ń sọ díẹ̀ nínú ara rẹ̀ di ohun tí omi lè yọ́, òjò á sì fọ ìyẹn kúrò bí ìgbà tí a fi kànìnkànìn ha ara, ọ̀dà tuntun abẹ́ rẹ̀ á wá yọjú sí oòrùn. Àmọ́ ẹ wo ètò rẹ̀ dáadáa: oòrùn ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, òjò ń tẹ̀ lé e. Òjò la máa ń mú nítorí pé òun ló ń wọ pálọ̀, òun ni ojú wa rí.

Ìdí tó fi jẹ́ apá gúúsù

Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà ìdajì ayé. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró gangan lórí wa lọ́sàn-án, tí òpó kì í ní òjìji: ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, àti ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án, apá àríwá wa ni oòrùn ọ̀sán wà. Àmọ́ àsìkò òjò nìyẹn, ìkùukùu sì máa ń bo ojú ọ̀run, pàápàá ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí èèyàn lè má rí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Láti oṣù kẹsàn-án wá sí oṣù kẹrin, tó jẹ́ nǹkan bí oṣù méje, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán wà, inú àsìkò yẹn sì ni gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn bọ́ sí. Eruku ọyẹ́ máa ń dín oòrùn kù díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó ìkùukùu oṣù keje láé.

Ẹ wò ó báyìí: nígbà tí oòrùn bá kọjú sí apá àríwá òrùlé Àǹtí, ìkùukùu ń bò ó, nígbà tó bá kọjú sí apá gúúsù, kò sí ohun tó bò ó. Fún ọdún 14. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún wọn, ńṣe ni wọ́n jáde lọ sí àárín àgbàlá lọ wo ibi tí oòrùn wà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn kíṣìnnì ló máa ń wọ̀ sí nígbà ọyẹ́, àṣé mo ti ń rí i!" Inú mi dùn sí ìyẹn ju kí wọ́n kàn gbà mí gbọ́ lọ.

Ti oòrùn ò tíì tán, nítorí yàtọ̀ sí ìtànṣán, ooru tún wà. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 33°C ní Àkúrẹ́, ojú òrùlé tó dúdú lè gbóná tó 70°C. Ẹ wá ronú nípa ọ̀sán oṣù kẹta, kí òjò tó ṣú. Oòrùn á ti yan òrùlé láti àárọ̀, atẹ́gùn á dé lójijì, òjò tútù á sì ya lù ú. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ooru rẹ̀ á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 25°C. Ohun gbogbo tó gbóná ló ń nà, ohun gbogbo tó tutù ló ń sún kì, àmọ́ ọ̀dà, pákó àti ìṣó kì í nà bákan náà. Ọ̀dà tó ṣì ní òróró nínú á fara gbà á, á nà, á padà. Èyí tó ti gan ò lè nà, ló fi ń là. Lálẹ́ ọyẹ́ pẹ̀lú, tí ojú ọ̀run mọ́, ooru òrùlé máa ń sá lọ sókè títí á fi tutù ju afẹ́fẹ́ àyíká lọ, oòrùn ọ̀sán á sì tún mú un. Lójoojúmọ́ ni nínà àti sísún kì yìí ń ṣẹlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí á fi já.

Etí tó ká sókè náà, ibẹ̀ ló ti wá. Ojú òkè gan, ó sún kì, ìsàlẹ̀ ò tíì gan tó o, ni òkè bá fa etí mọ́ra.

Ooru tó ń ti abẹ́ wá

Gbogbo èyí, orí òrùlé la ṣì wà. Abẹ́ rẹ̀ nílò àlàyé tirẹ̀, níbẹ̀ sì ni mo rò pé àṣìṣe ìkọ́lé wa pọ̀ sí jù. Páànù máa ń jókòó lórí igi tó jìnnà síra, atẹ́gùn sì ń rí àyè gba abẹ́ rẹ̀. Shingles ò lè dúró bẹ́ẹ̀, torí ó rọ̀. Plywood ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ bo gbogbo òrùlé kí wọ́n tó tò ó lé e. Bí wọ́n bá ti tẹ́ plywood, tí wọ́n sì wá fi síílìn dí ìsàlẹ̀ pa, àjà ti di ààrò. Ooru ọ̀sán á wọ ibẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde, á máa se ọ̀dà láti abẹ́ nígbà tí oòrùn ń sun ún láti òkè. Ọ̀rinrin tó bá wọ ibẹ̀ náà á jókòó sínú plywood, á máa wú u.

Atẹ́gùn ní láti wọlé láti abẹ́ etí òrùlé, kó sì jáde ní òkè pátápátá níbi ṣóńṣó. Ihò méjèèjì ló ṣe pàtàkì, ọ̀kan ò lè ṣiṣẹ́ èkejì. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa ní fèrèsé kékeré lára ògiri lókè àjà, àwọn bàbá wa ò dá a síbẹ̀ fún àwọn ẹyẹ. Ó dùn mí pé a ti ń dí i pa nínú ilé tuntun.

Afẹ́fẹ́, ìṣó àti àbàwọ́n dúdú

Lábẹ́ abala kọ̀ọ̀kan, ìlà ọ̀dà kan wà tí wọ́n ṣe kó lè lẹ̀ mọ́ abala ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kan òrùlé tán, oòrùn ló máa yọ́ ìlà yẹn tí á fi lẹ̀. Oòrùn kan náà tó máa pa á ló kọ́kọ́ ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Àmọ́ bí eruku bá ti bà lé ìlà náà kó tó lẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá kan shingles ní àárín gbùngbùn ọyẹ́ ní Àkúrẹ́, tí eruku ń bo ọkọ̀ láàárín òru, ó ṣeé ṣe kí ìlà náà máa kàn jókòó lásán. Kò sí ẹni tó máa mọ̀, títí ìjì àkọ́rọ̀ òjò á fi dé ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ìjì àsìkò yẹn ló máa ń le jù lọ́dún, á ti ọwọ́ bọ abẹ́ abala tí kò lẹ̀, á sì ṣí i bí ojú ìwé.

Ìṣó náà nìyí. Mẹ́rin ni wọ́n ń kàn mọ́ abala kọ̀ọ̀kan, níbi tí ìjì bá ti le, mẹ́fà. Orí ìṣó gbọ́dọ̀ jókòó pẹlẹbẹ. Èyí tó bá wọlé jù á gé ọ̀dà, èyí tó bá yọ sókè á ti abala òkè rẹ̀ títí á fi dá a lu. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà tí ilé iṣẹ́ fà sí i lára. Kápẹ́ńtà tó mọ páànù kàn lè má mọ èyí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ní ti àbàwọ́n dúdú tó máa ń ṣàn wálẹ̀ lára shingles, pàápàá lápá tí igi ṣíji bò, èéfín kọ́, ọ̀dà tó ń yọ́ kọ́. Ohun alààyè tíntìntín ni, tí orúkọ rẹ̀ lédè sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Gloeocapsa magma. Ó fẹ́ràn ọ̀rinrin, ó sì ń rí oúnjẹ nínú ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tó wà nínú ọ̀dà. Kò rẹwà, àmọ́ kì í mú kí ilé jò. Ìfọ̀ tí àwọn kan ń fi ẹ̀rọ ìfọkọ̀ fọ̀ ọ́ ló ń ba òrùlé jẹ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ, nítorí omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára yẹn máa ń ká hóró òkúta kúrò. Àwọn tó gbọ́n máa ń kan ọ̀já zinc tàbí kọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ òkè ṣóńṣó, kí omi òjò máa fi díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ wẹ òrùlé, ohun alààyè náà ò sì ní lè dúró.

Ọdún tí wọ́n kọ sára páálí ńkọ́? Wọ́n lè kọ 25 tàbí 30 síbẹ̀. Àdéhùn ni iye yẹn, ó ní ohun tó rọ̀ mọ́ ọn, òrùlé tí wọ́n sì kàn bó ṣe yẹ, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ní lọ́kàn. Ilẹ̀ tó ní ìgbà òtútù, tí oòrùn máa ń lọ sísàlẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Tiwa, lójú ọjọ́ tí oòrùn ọ̀sán rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ jù lọ nínú ọdún, ó ṣì ga ju ìdajì ọ̀run lọ dáadáa.

Báàkẹ́tì méjì

Nínú báàkẹ́tì méjèèjì Àǹtí, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ ti ohun tí mo ti ń sọ láti òkè wá. Èyí tó wà lábẹ́ fáànù, abala mẹ́fà tó ti là ló ń bu omi sí i. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú bóòtù ni. Ẹni tó wá gbé díìṣì sí orí ilé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn lu òrùlé já ní ojú mẹ́rin, rọ́bà tó fi dí i ti gan, oòrùn ti jẹ òun náà. Bí wọ́n bá ti kun gbogbo òrùlé lọ́dà bí kápẹ́ńtà yẹn ṣe wí, omi ì bá ṣì máa kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tètè wo ibi tí nǹkan bá ti gún òrùlé yín, ibi tí páìpù ti yọ, ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri, àti àfonífojì tó wà láàárín òrùlé méjì. Àwọn ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jò, kódà lórí òrùlé tí ara rẹ̀ ṣì le.

A yọ abala mẹ́fà náà láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, torí bó bá di ọ̀sán, ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ á máa ká hóró òkúta bí ẹni ń ká èépá. A fi tuntun sí i, a gbé díìṣì sára ògiri, a dí ojú ihò mẹ́rin náà, a sì lu ihò atẹ́gùn sí abẹ́ etí òrùlé yípo àti sí òkè níbi ṣóńṣó.

Àǹtí wá béèrè pé, "Ìyókù apá gúúsù yẹn ńkọ́? Ṣé kí a ṣe é kíákíá kí òjò tó le ni?" Mo ní, "Rárá mà. Tí òjò bá ń rọ̀ lé plywood kí a tó bò ó, ẹ̀rù tuntun nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá." Nígbà yẹn òjò á ti ń lọ, eruku ọyẹ́ ò tíì dé, oòrùn á sì mú tó láti yọ́ ìlà ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ara wọn kí ìjì oṣù kẹta tó wá dán an wò. Títí dìgbà náà, tápólì ló wà níbẹ̀, àǹtí mi sì ti kó báàkẹ́tì méjèèjì padà sí bàlùwẹ̀.